Afẹ́fẹ́ Ọjọ́bọ̀ Lórí Òkè

Ibi tí mo ń gbé báyìí, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Mo dìídì wá a bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá ṣí fèrèsé, òrùlé ilé ni mò ń rí, àti ọkọ̀ tó ń kọjá, àti àwọn ènìyàn tó ń bá tiwọn lọ. Síbẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lọ́sàn-án, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Màá dìde, màá ṣílẹ̀kùn, màá wo ìta bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò sẹ́ni tí mò ń retí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n màá ṣì dúró síbẹ̀ títí òtútù yóò fi mú mi wọlé.

Òjòwò ni wọ́n bí mi sí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Orúkọ ìlú wa ti sọ irú ibi tó jẹ́. Igbó ni. Kòkó, obì, ọ̀pẹ, àti àwọn igi tí ènìyàn kò lè rí ténté wọn. Bí òjò bá ń bọ̀, a kì í rí i lókèèrè, etí la fi ń mọ̀ ọ́n. A ó gbọ́ ọ lórí ewé, a ó gbọ́ ọ lórí páànù ilé ẹ̀yìnkùlé, kó tó wá dé orí tiwa. Ká kó aṣọ wọlé, ká kó kòkó tí a sá kúrò nílẹ̀, ìwọ̀nba ohun tí ojú ọjọ́ já mọ́ fún wa nìyẹn.

Mo kàwé nípa rẹ̀ o. Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ ọ nílé ìwé girama kan níbẹ̀. A ní àpótí funfun kan lórí pápá, tó yẹ kí ohun èlò tí a fi ń wọn ooru àti òtútù wà nínú rẹ̀. Ohun èlò ọ̀hún ti bàjẹ́ kí n tó débẹ̀, adìyẹ olùṣọ́ ọgbà ló ń yé sínú rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni mò ń kó àwọn ọmọ lọ dúró níwájú àpótí náà, tí mò ń ṣàlàyé ohun tí ì bá wà níbẹ̀ fún wọn, tí adìyẹ sì ń wò wá.

Nígbà tí ọkọ mi kú, mo kúrò nílé. Bí mo ṣe kúrò kò ní láárí nínú ìtàn yìí. Ibi tí mo bára mi ni Skọ́tílándì, nínú ilé àlejò kékeré kan tó wà lábẹ́ òkè, níbi tí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ gun òkè ti máa ń sùn. Mò ń tún ibùsùn ṣe, mò ń fọ abọ́, mò ń yan búrẹ́dì.

Òkè yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Èmi tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè sójú pátákó láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé ó máa ń lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, màá ṣí fèrèsé, á wà níbẹ̀, dúdú, gìrìwò, tó dà bíi pé ó sún mọ́ ilé sí i lóru. Lọ́jọ́ kejì, ìkùukùu á ti gbé e mì, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ ju funfun lọ. Ohun kejì ni ìmọ́lẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún, títí di aago mẹ́wàá alẹ́ ni ojú ọ̀run ṣì máa ń mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ sì ni ẹ̀kẹta. Mo lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é.

Mọ́írà ló ni ilé náà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, opó bíi tèmi, ohùn rẹ̀ le, inú rẹ̀ kò le. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìṣòro láàárín wa, ṣebí òun ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan wà tí ahọ́n mi kò gbà láti kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dúró nídìí àtẹ̀gùn, ó bi mí pé:

“O ò tíì tún yàrá kẹrin ṣe?”

“Yẹ́ẹ̀sì,” mo ní.

Ó bá kó tọkọtaya kan gòkè lọ sórí ibùsùn tí ẹlòmíràn ti sùn sí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Mo bi ọ́, o ní yẹ́ẹ̀sì!”

“Yẹ́ẹ̀sì ni mà. Mi ò tíì tún un ṣe.”

“Bí o ò bá tíì tún un ṣe, nóò ni!”

“Báwo ni yóò ṣe jẹ́ nóò? Ẹ ní mi ò tíì tún un ṣe. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣé kí n wá pè yín ní onírọ́ ni?”

Ó wò mí títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Òṣìṣẹ́ ni mo ní kí wọ́n bá mi wá,” ó ní, “tíṣà ni wọ́n rán sí mi.”

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Atíkórí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó nílé, lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ fún un. Ìyá Kúnlé là ń pè é, òun ló tọ́ mi dàgbà. Ó rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi ń pariwo.

“Ìwọ náà, ṣé òtútù ò tíì pa ọ́ níbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì pa mí.”

“Ẹ wò ó! Ó ní ‘bẹ́ẹ̀ ni’! Bí àwọn òyìnbó bá gbọ́ ọ, wọ́n á ti gbẹ́ ibojì rẹ!”

Mo máa ń ronú sí i nígbà tí mo bá ń tẹ́ ibùsùn. Nílé, bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni mò ń dá lóhùn: mo wà lẹ́yìn rẹ, ohun tí o wí náà ni. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń dá lóhùn, ẹni tó sọ ọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Mo rò pé ibi tí mo ti jẹ́ àjèjì gan-an nìyẹn, kì í ṣe nínú àwọ̀ mi.

Mọ́írà ló gbé pátákó lé mi lọ́wọ́. Pátákó dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí a ń kọ ojú ọjọ́ orí òkè sí láràárọ̀, bí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ bá ṣe sọ ọ́: bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe le tó, ohun tí yóò ṣe sí ẹni tó ń rìn, ibi tí ìkùukùu yóò bò dé, ìrètí pé orí òkè yóò hàn. Mo fi ọwọ́ tíṣà kọ ọ́, gbogbo ìlà gún régé. Láàárín oṣù kan, àwọn àlejò ti ń pè mí ní Tíṣà. Wọ́n á wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n á ní, “Tíṣà, kí lo ní fún wa lónìí?” Ẹ ò ní mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Ọdún kan gbáko ni mo ti fi jẹ́ ẹni tó ń fọ abọ́.

Mísítà Alan dé lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù karùn-ún. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, gíga, tínínrín, pẹ̀lú fìlà olówùú tí ọmọbìnrin rẹ̀ hun fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ohun tí mo kọ ni pé afẹ́fẹ́ kò ní tó nǹkan, ìkùukùu yóò sì ká kúrò lórí òkè kó tó di ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó gun òkè kékeré kan, ó padà dé pẹ̀lú imú tí oòrùn ti pa pọ́n. Lọ́jọ́rú, mo kọ ọ́ pé kùrukùru bo gbogbo òkè láti ìbàdí sókè, òjò wínníwínní, kò sí ìrètí pé orí òkè yóò hàn. Ó jókòó tì wá nílé ìdáná, ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà.

“Tíṣà, irú òkè wo lẹ ní nílé yín?”

“A ò ní, sà. Igbó la ní.”

“Kí lẹ wá ń gùn?”

“Ọ̀pẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ kejì fún èmi àti Mọ́írà. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan gba góńgó òkè kọjá, níbi tí kò sí ibi ìsádi kankan. Èkejì gba etí adágún nísàlẹ̀. “Bí afẹ́fẹ́ ò bá ní le,” ó ní, “góńgó ni màá gbà. Bó bá máa le, màá lọ jẹ búrẹ́dì mi létí adágún, màá sì padà wálé bí ọmọ gidi.”

“O ti dàgbà jù fún góńgó,” Mọ́írà ní.

“Ìwọ náà ti dàgbà jù fún àtẹ̀gùn ilé rẹ, o ṣì ń gùn ún.”

Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo kọ nìyí, mo mọ̀ ọ́n lórí: òwúrọ̀ yóò dákẹ́, láti ọ̀sán, ẹ̀fúùfù líle láti àríwá, lórí góńgó, ènìyàn kò ní lè dá dúró, yìnyín àti òtútù tó lè pani. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ka pátákó yóò rò pé ìlú mìíràn ni mò ń sọ. Ojú ọ̀run mọ́. Ewé kan kò mì.

Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wọ bàtà òkè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́írà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi bàtà bẹ́ẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ó dúró níwájú pátákó, ó ń ṣẹ́jú. Mo ń gbé páànù búrẹ́dì gbígbóná kọjá, aṣọ tí mo fi dì í mú kò nípọn tó.

“Tíṣà, gíláàsì mi wà lókè, mi ò sì fẹ́ tú bàtà. Afẹ́fẹ́ yẹn ò ní le lónìí, àbí?”

“Nóò, sà!” mo ní, ìka mi ń jó mi, mo yára gba ìdí tábìlì lọ.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé: rárá, kò rí bí ẹ ṣe wí, yóò le. Kedere ló wà lọ́kàn mi.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó ní. Mo sì rò pé ó gbà mí gbọ́. Òótọ́ ni, ó gbà mí gbọ́.

Aago kan kọjá díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ dé. Kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wà, lẹ́yìn náà gbogbo ilé gbọ̀n, ike ìdọ̀tí ń yí gbirigbiri lọ lójú ọ̀nà. Aago mẹ́ta, òkè ti pòórá. Aago mẹ́rin, Mọ́írà gbé omi tíì kaná fún un. Aago márùn-ún, ó tún un gbé kaná. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́fà, àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù lórí òkè ti dé, àwọn ará abúlé náà ni. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà fún wa ni olórí wọn.

Mọ́írà ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì fún un, ó wá nàka sí pátákó. “Tíṣà kọ ọ́ gàdàgbà gadagba. Kì í ṣe òmùgọ̀. Etí adágún ló lọ.”

Olórí wọn yíjú sí mi. “Ìwọ lo rí i kẹ́yìn. Ṣé ó sọ nǹkan kan?”

Mo la ẹnu láti sọ fún un pé: ó bi mí bóyá afẹ́fẹ́ kò ní le, mo ní nóò. Kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde ni mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí tiwọn. Lójú inú mi, mo rí Mísítà Alan bó ṣe ń lọ, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó kọjú sí góńgó, inú rẹ̀ dùn.

“Ó kí mi ni,” mo ní. “Ó kan kí mi ni.”

Wọ́n lọ sí etí adágún. Ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀ níta, wákàtí mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi wá a. Mo dúró sójú fèrèsé, mò ń wo aṣọ pupa wọn kéékèèké nísàlẹ̀, níbi tí èmi mọ̀ pé kò sí.

Bí àgbàlagbà bá sọnù sóko ní Òjòwò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbogbo àdúgbò ló ń jáde. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó gbà kì í dúró kí wọ́n bi í. Yóò ti máa sáré ṣíwájú, yóò máa pariwo rẹ̀ lọ. Mo wá di ẹni tí wọ́n bi, tí kò wí. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá ìlú àjèjì ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀, tàbí ó ti wà nínú mi kí n tó kúrò nílé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ní ìbéèrè tó le tó ìyẹn rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún padà sí etí adágún. Mo kọ pátákó: ẹ̀fúùfù kò tíì rọlẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn ìlà náà wọ́. Ní aago mẹ́jọ, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló máa ń bá mi sọ, ó sì yára débi tí mo fi ní láti tẹ fóònù mọ́ etí.

“Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó bi ọ́?”

“Kò sẹ́nì kan.”

“Àwa méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ nìyẹn. Pa ẹnu rẹ mọ́. Ṣé kì í ṣe obìnrin tó ni ilé yẹn ló ń kọ̀wé sí ìjọba tí wọ́n fi jẹ́ kí o máa gbé níbẹ̀? Bó bá lé ọ, níbo lo máa lọ?”

“Ọkùnrin náà wà lórí òkè, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Àgbàlagbà ni. Ó mọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀.” Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù rẹ̀ ní Atíkórí. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ọmọ ìyá mi, ìwọ nìkan ló kù fún mi.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ọmọbìnrin Mísítà Alan dé. Kéètì lorúkọ rẹ̀, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó ti fi gbogbo òru wakọ̀. Kò sunkún. Ó kàn bi Mọ́írà bóyá òun lè lo ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ olówùú méjì jáde nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ wọn lé e. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú díẹ̀, á dìde, á yí wọn padà, kí ẹ̀gbẹ́ kejì náà lè gbóná.

“Ẹsẹ̀ bàbá mi ló kọ́kọ́ máa ń tutù,” ó sọ fún mi.

Ó yí wọn padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀karùn-ún, aago mọ́kànlá ń lù. Mo jáde lọ bá olórí àwọn tó ń wá a, tí òun àti Mọ́írà dúró nídìí ọkọ̀.

“Góńgó ló gbà,” mo ní. “Ó bi mí bóyá afẹ́fẹ́ ò ní le, mo ní nóò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé yóò le. Ó gbọ́ ọ bí ẹ̀yin náà ṣe gbọ́ ọ yìí.”

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Mọ́írà ló kọ́kọ́ yé. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Kí ló dé tí o kò sọ lánàá?” ọkùnrin náà bi mí.

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni.”

Kò dúró gbọ́ sí i, ó ti ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀. Kí aago mẹ́ta tó lù, wọ́n ti rí i, nísàlẹ̀ góńgó díẹ̀, lẹ́yìn àpáta kan. Ó ti kú. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún Kéètì. Ṣùgbọ́n mo wà nílé ìdáná, mò ń nu abọ́ tó ti gbẹ, nígbà tí olórí wọn ń bá Mọ́írà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní orúnkún rẹ̀ ló yẹ̀. Ó ní ó fi ọwọ́ rẹ̀ to òkúta yí ara rẹ̀ ká láti dènà afẹ́fẹ́, ó jẹ ìdajì búrẹ́dì rẹ̀, ó sì ká bébà tó fi wé e sínú àpò. “Ó fara balẹ̀,” ó ní. “Ó ń dúró dè wá.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ kedere. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé kò sí ìkùukùu, kò sí afẹ́fẹ́, gbogbo orí òkè yóò hàn títí di alẹ́. Mo gbé tíì lọ fún Kéètì lórí àga tó wà níta. Òkè náà wà níwájú wa láìfi ohunkóhun pa mọ́, ènìyàn lè ka àwọn àpáta rẹ̀.

“Mọ́írà ṣàlàyé fún mi,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ èdè ni. Mi ò ní bá yín wí láé. Bí kì í bá ṣe pé ẹ rántí, à bá ṣì máa wá a létí omi.” Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ ṣeun tí ẹ rántí.”

Ọwọ́ rẹ̀ gbóná láti ara ife tíì. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ rí. Kò sóhun tó kù fún mi ju kí n dákẹ́.

“Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí,” mo ní.

“Kí lẹ wí?”

“Mo ti mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ó kàn kí mi ni.”

Kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń wo òkè.

“Wákàtí mélòó nìyẹn?”

Mo ti kà á tẹ́lẹ̀. Gbogbo òru ni mo fi kà á. Síbẹ̀ mo tún un kà lójú rẹ̀, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé aago mọ́kànlá àárọ̀.

“Mẹ́tàdínlógún.”

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, jẹ́ẹ́jẹ́.

“Ẹ tún un sọ,” ó ní.

Mo tún un sọ.